Mo fẹ́ kúrò nínú lóònù ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ bọ́ sí ti kóówù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Elélùbọ́ Adó
Èkìtì kete, mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò lè dá rò mọ́. Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà ní Ọjà Ọba níbí ní Adó, mo wá gba lóònù 300,000 lọ́wọ́ báńkì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní gúrúùpù yẹn, àwa obìnrin mẹ́wàá la dúró fún ara wa. Ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n ní ká fi san án, 15,500 ní gbogbo Ọjọ́rú. Mo ti san ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, mi ò pa ọjọ́ kankan jẹ, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá yìí owó tó yẹ kí n fi ra ọjà ni mo kó lọ san, ọjà wá ń tán lórí àtẹ, gbèsè ò sì tán. Mo wà nínú kóówù kan lọ́jà wa, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo ti ní 100,000 níbẹ̀, ìlọ́po méjì ohun téèyàn bá ní ni wọ́n máa ń yáni, èlé wọn 10 nínú 100, oṣù mẹ́wàá la fi ń san án. Mo rò ó pé kí n gba 200,000 yẹn kí n fi pa ti báńkì, kí n wá máa san ti oṣooṣù. Ọkọ mi ní kí n fara dà á, pé ọ̀sẹ̀ 14 ò jìnnà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ṣí kíá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é, kí ni kí n ṣọ́ra fún? Tó bá ti di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun báyìí, oorun ò kì í kùn mí.

Akọ̀wé Kóówù Ìkẹ́rẹ́
Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ̀wé fún kóówù kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́, irú ọ̀rọ̀ yín yìí ló sì ń wá bá wa jù. Kẹ́ ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ lọ bi báńkì yẹn léèrè pé "tí mo bá fẹ́ san gbogbo ẹ̀ pa lónìí, èló ni?" Ẹ má bi wọ́n pé èló ló kù o, ìbéèrè méjèèjì ò jọra rárá.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀. 15,500 lọ́nà 24 jẹ́ 372,000. 300,000 lẹ yá, èlé 72,000 ni wọ́n kó lé e, ìyẹn 12,000 lóṣù tá a bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe oṣù kan, ohun tí wọ́n ń pè ní 4 nínú 100 lóṣù nìyẹn. Nínú 15,500 tẹ́ ẹ ń gbé lọ ní Ọjọ́rú, 12,500 ló ń wọ inú ojú owó, ìyẹn owó tẹ́ ẹ yá gan-an, 3,000 jẹ́ èlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tẹ́ ẹ san ti gé 125,000 kúrò lára ojú owó, ó ku 175,000. Èlé ọ̀sẹ̀ 14 tó kù jẹ́ 42,000. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ san 217,000 kẹ́ ẹ tó lè lọ, a jẹ́ pé wọn ò yọ nǹkan kan fún yín nìyẹn, ẹ máa san èlé lórí owó tẹ́ ẹ ò ní lò. Tí wọ́n bá ní 175,000, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Tó bá wà láàárín méjèèjì, ẹ padà wá síbí.

Nítorí ẹ wò ó, èlé 4 yẹn, orí 300,000 ni wọ́n gbé e lé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí gbèsè ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òun ò bá a sọ̀kalẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ojú owó tó kù lọ́rùn yín ò ju 12,500 lọ, 3,000 náà ni wọ́n á ṣì gbà lórí ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń ru èyí láì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń rù.

Mọ̀mí Ajílósun
Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá Elélùbọ́, nígbà tẹ́ ẹ gba owó yẹn, ṣé 300,000 yẹn pé lọ́wọ́ yín? Èmi nígbà tí mo gbà tèmi, wọ́n yọ ti fọ́ọ̀mù, wọ́n tún mú kan sílẹ̀ pé owó ìfipamọ́ ni, ìgbà tí mo san tán ni wọ́n tó fún mi, mo sì ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé ẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́ Adó
Háà, òótọ́ ni o. Wọ́n mú 30,000 sílẹ̀, wọ́n gba 6,000 fọ́ọ̀mù, 264,000 ló wọ ọwọ́ mi. Mi ò kà á mọ́ nǹkan tẹ́lẹ̀ nítorí wọ́n ní tèmi ni.

Akọ̀wé Kóówù Ìkẹ́rẹ́
Tiyín ni lóòótọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó bá yín ṣiṣẹ́. Mọ̀mí Ajílósun, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ní kí wọ́n fi 30,000 yẹn sí gbèsè náà. Tí wọ́n bá yọ gbogbo èlé tó kù, 145,000 péré lẹ máa wá. Tí wọn ò bá yọ nǹkan kan, 187,000 ni. Nítorí náà ẹ má lọ gba 200,000 ní kóówù torí pé ó tọ́ sí yín o, iye tó máa pa gbèsè yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbà. Owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, inú ilé ló ń wọ̀, èlé ẹ̀ ló sì máa ń dúró.

Tó bá jẹ́ 187,000 ni wọ́n fi dúró, tẹ́ ẹ gba 190,000, èlé kóówù á jẹ́ 19,000 lórí èlé 42,000 tẹ́ ẹ ti san fún báńkì. Ẹ ti fi 19,000 ra ìsinmi nìyẹn. Ìgbà mí-ìn wà tí ìsinmi yẹn tó bẹ́ẹ̀, torí bí ọjà bá tán lórí àtẹ kí lẹ fẹ́ fi san gbèsè? Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ rà á.

Tíṣà Ìkọ̀lé
Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí. Ní 2023 mo ṣí lóònù owó oṣù mi láti báńkì kan bọ́ sí kóówù àwa tíṣà. Owó kóówù dé, mo sáré san ti báńkì, mo rò pé ó ti parí. Mi ò mọ̀ pé lẹ́tà tó máa sọ fún àwọn tó ń ṣe owó oṣù pé kí wọ́n dá yíyọ owó dúró, báńkì ò tíì kọ ọ́, ìgbà tí wọ́n sì fi kọ ọ́, wọ́n ti pa ìwé owó oṣù yẹn dé. Bí oṣù ṣe parí, báńkì yọ tiẹ̀, kóówù yọ tiẹ̀, ohun tó kù fún mi ò tó owó ọkọ̀ láti Ìkọ̀lé dé ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù méjì ni mo fi lọ lọ bọ̀ bọ̀ kí wọ́n tó dá owó yẹn padà. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ ṣe é níbẹ̀rẹ̀ oṣù, kẹ́ ẹ sì mú lẹ́tà yẹn lọ fúnra yín, ẹ má dúró de pé báńkì á fi ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ pé mo ṣí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Èkìtì ní 2016 rántí bí owó oṣù ṣe dá dúró. Àwọn tó jẹ báńkì nígbà yẹn, èlé ò mọ̀ pé ìjọba ò tíì sanwó, ó ń gun ara wọn lọ ni. Kóówù tiwa jókòó, wọ́n ní kí kálukú dúró dìgbà tí owó bá wọlé, wọn ò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ẹni tó mọ̀ ẹ́, tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà.

Ìyàwó Ìyìn
Ẹ̀gbọ́n mi ẹ jọ̀ọ́, ohun yòówù tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ má yá ti ápù orí fóònù láti fi dí Ọjọ́rú kan. Ohun tí mo ṣe nìyẹn lọ́dún 2021. Mo yá 20,000 pé ọ̀sẹ̀ kan ni, kò pé lọ́wọ́ mi, nígbà tó máa fi pé ọjọ́ méje mo tún yá ti ápù kejì láti fi san tàkọ́kọ́, ìkẹta tún wọlé. Ọjọ́ tí mo fi ọjọ́ kan pẹ́, wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ wa, sí ìyá ọkọ mi, sí ẹni tó ń bá mi dirun, pé olè ni mí. Mo sunkún. Ìyá ọkọ mi ló gbà mí, ó ta ewúrẹ́ méjì, kò sì bi mí léèrè nǹkan kan dòní. Mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láé.

Lọ́yà Baṣírí
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò mi, ohun tí wọ́n ṣe sí ẹ yẹn kò bófin mu. Kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tí òfin sọ, torí ẹ̀rù ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn yá owó burúkú.

Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń forúkọ àwọn ápù tó ń yáni lówó sílẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Láti May 2023, Google náà ti ní ápù lóònù kankan lórí Play Store kò gbọ́dọ̀ wọ inú nọ́ńbà àti fọ́tò tó wà lórí fóònù èèyàn mọ́. Èyí tó bá ṣe é, ẹ fi ẹjọ́ ẹ̀ sun FCCPC, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ pa mọ́.

Wọ́n máa ń fi ọlọ́pàá halẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí torí pé àdéhùn yẹ̀ lásán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n lọ gbé e sí báńkì tí kò sí owó níbẹ̀, ọ̀ràn nìyẹn o, ó yàtọ̀ sí gbèsè. Torí náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá san tán, ẹ gba gbogbo ṣẹ́ẹ̀kì àti ìwé yòówù tẹ́ ẹ fi dúró padà kẹ́ ẹ tó jáde níbẹ̀.

Èkejì, ẹ gba lẹ́tà tó sọ pé ẹ ò jẹ wọ́n mọ́, kó ní déètì, kó ní sítáǹpù. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti ti lóònù yẹn pa lórí kọ̀ǹpútà wọn. Láti August 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GSI, tó jẹ́ pé ẹni téèyàn jẹ lówó lè yọ owó ẹ̀ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó bá wà lórí BVN ẹni náà, kódà ní báńkì mí-ìn. Tí báńkì yín bá wà nínú ètò yẹn, tẹ́ ẹ sì ti fọwọ́ sí i nínú fọ́ọ̀mù lóònù, tí ẹnì kan gbàgbé láti ti lóònù náà pa, ẹ lè jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ rí i pé owó ọjà ti rìn. Lẹ́tà yẹn lẹ máa fi jà.

Ọmọ Oníkòkó Ìjerò
Mo ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ, ọ̀rọ̀ bàbá mi ló ń sọ sí mi lọ́kàn. Ní 1994 owó ilé ìwé àwa ọmọ wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fi oko kòkó ẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ẹnì kan ládùúgbò. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni pé ẹni yẹn á máa ká kòkó náà títí tí bàbá mi á fi rí owó ẹ̀ dá padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdógò oko mọ̀ bó ṣe rí, kòkó tí wọ́n ń ká lọ́dọọdún kò já kọ́bọ̀ kan kúrò lára ojú owó, èlé ni gbogbo ẹ̀. Bàbá mi wá ń ṣe lébìrà lóko olóko kí ó lè kó owó jọ láti gba oko tara ẹ̀, ohun tó bá sì kó jọ, ilé ti jẹ ẹ́ kó tó pé. Ọdún méje.

Àbúrò ìyá mi ló wá ní kí wọ́n jọ jókòó. Kò gbé owó dání o, ìwé ló gbé dání, ó ti kọ iye kòkó tó ti jáde lóko yẹn lọ́dọọdún sílẹ̀. Ó sọ fún ẹni yẹn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ ti jẹun níbí, bàbá àwọn ọmọ yìí ò sì ní rí owó yẹn san bí ẹ bá ń bá a bọ̀ báyìí, ẹ jẹ́ ká yí i padà, ẹ tún ká a fún ọdún méjì sí i, kí oko padà sọ́wọ́ ẹ̀, kí ó má san kọ́bọ̀. Wọ́n fà á títí, ẹni yẹn gbà. Wọ́n kọ ọ́, ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Oko yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé kí Ìyá Elélùbọ́ má rò pé ó di dandan kí òun lọ yá ibòmí-ìn kí àdéhùn tó lè yí padà. Ẹ kọ́kọ́ bi báńkì yẹn gan-an bóyá wọ́n lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tàbí kí wọ́n fa àkókò ẹ̀ gùn, kẹ́ ẹ bi wọ́n èló ni wọ́n máa fi lé e. Ẹni téèyàn jẹ lówó, sísan ló fẹ́ kó o san.

Bàbá Àgbà Ọ̀yẹ́
Ọmọ Ìjerò, o ṣeun, o ti sọ ojú abẹ níkòó. Bí ìwọ̀fà ṣe rí láyé àwọn bàbá wa náà nìyẹn. Ẹni tó yá owó á fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ sìn, á máa lọ sóko olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn kì í dín owó kù, èlé owó ni iṣẹ́ náà, odidi owó ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kúrò. Àwọn kan sìn ín títí wọ́n fi darúgbó. Ohun tí mo máa ń bi àwọn ọmọ mi tí wọ́n bá ní àwọn ń san gbèsè nìyẹn: èyí tí ẹ ń san yẹn, ṣé ó ń já a àbí ó ń bọ́ ọ?

Ìyá Elélùbọ́, ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wá bá ẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé àwọn òṣómàáló, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó ń tà aṣọ ní àwìn káàkiri, máa ń wá sí ìlú wa, ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ lọ́jọ́ àdéhùn tó sì sá pa mọ́, òun ni wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá mi kì í sá. Ó máa ń lọ pàdé wọn lọ́jà kó tó di ọjọ́ náà, á ní ìdajì rèé, ẹ fún mi di ọjọ́ báyìí. Wọn ò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wa rí.

Akọ̀wé Kóówù Ìkẹ́rẹ́
Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ fi kún un. Ìyá wa, ẹ má dá Ọjọ́rú dúró torí pé ẹ ti kọ fọ́ọ̀mù kóówù o. Títí owó kóówù á fi wọlé, títí lẹ́tà á fi wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣì jẹ báńkì. Mo ti rí ẹni tó dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí kóówù ní àwọn á san, kóówù ò rí owó kó jọ lóṣù yẹn, àwọn obìnrin gúrúùpù ló bá a san án, ìjà tó dá sílẹ̀ láàárín wọn ò parí dòní. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn mẹ́sàn-án yòókù gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lẹ́nu yín.

Ìyá Elélùbọ́ Adó
Ẹ kú àdúrótì o. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo san ti Ọjọ́rú bí ẹ ṣe wí, ó di mọ́kànlá. Mo fẹnu sọ fún àwọn obìnrin wa ní ìpàdé, ẹnì kan bínú díẹ̀, àwọn yòókù ní kí n máa lọ. Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá mánéjà. Ó kọ́kọ́ ní gbogbo ẹ̀ ni kí n san, 201,500. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí tó jẹ́ èlé ńkọ́ nínú ẹ̀, mo gbé ìwé tí mo fi ṣírò jáde, ó wò mí, ó ní ta ló ṣe èyí fún yín. Mo ní àwọn èèyàn mi ni. Ó wọlé lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ó pẹ́ kó tó jáde. Wọ́n ní kí n san ojú owó tó kù, 162,500, kí n fi èlé ọ̀sẹ̀ kan péré sí i kí oṣù kẹta lè pé, 3,000. Wọ́n yọ 30,000 mi kúrò níbẹ̀. Ó ku 135,500. Mo bi wọ́n nípa fífa àkókò gùn tí Ọmọ Ìjerò sọ, wọ́n ní wọ́n lè ṣe é àmọ́ fọ́ọ̀mù tuntun ni, èlé á sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí 4 yẹn, mo ní rárá.

Kóówù fún mi ní 140,000, èlé ẹ̀ 14,000, ó já sí 15,400 lóṣù. Ẹ̀yin èèyàn mi, iye tí mo ń san lọ́sẹ̀ kan tẹ́lẹ̀ ni mo wá ń san lóṣù kan báyìí. Tí mo bá dúró síbẹ̀ èlé 39,000 ló kù tí ǹ bá san, èyí tí mo san fún báńkì àti ti kóówù lápapọ̀ jẹ́ 17,000. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ mi, ó ní sítáǹpù. Ọkọ mi ló dúró fún mi ní kóówù pẹ̀lú ìyá oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àná jẹ́ Ìṣẹ́gun, mo sùn.

Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ má bínú sí mi, ẹnì kejì mi nínú gúrúùpù ní kí n bá òun bi yín. 480,000 ló gbà lọ́dọ̀ wọn, 24,800 ló ń san lọ́sẹ̀, wọ́n mú 48,000 tiẹ̀ sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù fún un, kò sì ní i lọ́wọ́. Ó ní kí òun náà wá gba ti kóówù.

Akọ̀wé Kóówù Ìkẹ́rẹ́
Ọpẹ́ o, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ẹ sọ fún un kó má yá kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì jẹ́ 49,600, 48,000 tiẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wọn. Kó kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fi san án, kó mú 1,600 dání lọ.